Ẹ Bi Wá Léèrè: Nígbà tí ìjàm̀bá bá bó awọ ẹsẹ̀

Lẹ́tà márùn-ún ni a mú jáde lóṣù yìí nínú àwọn tó wọlé láti Ìlọrin àti gúúsù Kwara. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé lórí: ọgbẹ́ ńlá tí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà dá sí ènìyàn lẹ́sẹ̀, tí awọ fi bó, tí ẹran sì fi fà ya. A yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé, a sì gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Dókítà tí í dá wa lóhùn nínú abala yìí ló fèsì sí wọn.

Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti Gánmọ̀ nígbà tí tírélà gbá a, tí táyà sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, awọ ibẹ̀ sì bó láti ìsàlẹ̀ orúnkún títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kókósẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì gbé e jáde ni ọgbẹ́ náà ń tóbi sí i, nítorí pé wọ́n ń gé ẹran àti awọ dànù. Wọn kò rán an. Wọ́n kàn ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń dì í ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí í to eegun, pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà tán. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Ìyá ọmọ, Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Kí n tó sọ ohun mìíràn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ọmọ náà kúrò ní ilé ìwòsàn. Gbogbo ohun tó ń bà yín lẹ́rù nínú lẹ́tà yín, ìyẹn gígé, wíwẹ̀ àti àìrán, gan-an ni ìtọ́jú tó tọ́ sí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ dáadáa kí ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹbí.

Inú ẹran tó wà nísàlẹ̀ ni awọ ara wa ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ló ń gòkè láti inú ẹran wá bá awọ, àwọn ni wọ́n sì ń bọ́ ọ. Nígbà tí táyà tírélà bá gun ẹsẹ̀, tó sì ń yí lórí rẹ̀, kì í ṣe pé ó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ nìkan, ó tún ń wọ́ awọ kúrò lórí ẹran, àwọn òpó kéékèèké wọ̀nyẹn a sì já. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, awọ náà lè ṣì wà níbẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì jọ ti awọ alààyè, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má dé inú rẹ̀ mọ́. Ó lè tó ọjọ́ méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó dúdú, kí gbogbo ènìyàn tó mọ̀ pé ó ti kú. Bákan náà ni ti ẹran tí táyà fọ́. Ìdí nìyí tí ọgbẹ́ náà fi ń tóbi sí i lójú yín. Kò tóbi sí i, ìyá wa. Láti ọjọ́ tí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ ló ti tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó parí sí gan-an ni àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí.

Ohun mẹ́rin ni oníṣẹ́ abẹ ń wò kí ó tó gé ẹran kan dànù. Ó ń wo àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó pupa tàbí ó ti ṣókùnkùn. Ó ń wò ó bóyá ó ṣì ki, tàbí ó ti rọ̀ jẹ̀bẹ̀tẹ̀. Ó ń fi irin iṣẹ́ fún un díẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò sún kì, ó sì ń gé etí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò jáde. Ẹran tí kò bá yege nínú ìdánwò wọ̀nyí ti kú, kò sì sí oògùn tó lè jí i. Òun gan-an sì ni oúnjẹ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn jù lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn apakòkòrò ń bá kiri ara, nítorí náà ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, oògùn náà kò lè débẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ẹran náà sílẹ̀, kí wọ́n kàn máa gún ọmọ ní abẹ́rẹ́, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ló ń béèrè. A kì í sì í mọ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ẹran tó wà láàárín ìyè àti ikú lónìí lè kú lọ́la. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 48, tí wọ́n sì ń tún un ṣe títí gbogbo ohun tó kù nínú ọgbẹ́ yóò fi jẹ́ alààyè.

Wíwẹ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Nígbà tí eegun bá ṣẹ́ tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ sì kéré, nǹkan bíi lítà 3 omi iyọ̀ ti ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń dà sí i. Fún èyí tó tóbi bíi ti ọmọ yín, ó máa ń tó lítà 9. Iyanrìn, epo ọkọ̀, ìdọ̀tí etí títì àti òwú ṣòkòtò máa ń wọ inú ẹran lọ jìnnà ju ibi tí ojú lè rí lọ. Àwọn kan a máa rò pé ọṣẹ ìbá dára ju omi iyọ̀ lásán lọ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, tó kan àwọn aláìsàn tó lé ní 2,400 tí eegun wọn ṣẹ́ tó sì ní ojú ọgbẹ́, fi omi iyọ̀ wé omi ọṣẹ. Nínú 100 àwọn tí wọ́n fi omi ọṣẹ wẹ̀ fún, nǹkan bíi 15 ni wọ́n tún ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún láàárín ọdún kan. Nínú àwọn ti omi iyọ̀, wọ́n jẹ́ nǹkan bíi 12. Omi iyọ̀ lásán ló borí.

Ní ti àìrán, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà náà. Ọgbẹ́ tí ọkọ̀ dá sílẹ̀ lójú títì, tí ẹnì kan sì rán pa pọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kí ojú rẹ̀ lè mọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn kan wà lágbègbè wa tí wọ́n ń ṣe é, owó rẹ̀ kò pọ̀, inú ẹbí a sì dùn nígbà tí wọ́n bá rí i tí ọgbẹ́ ti pa dé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó fara pa yóò wú, awọ tí wọ́n fi òwú fà pọ̀ yóò ki pinpin, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́. Àwọn kòkòrò kan sì wà nínú ilẹ̀ tó jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé ni wọ́n ti ń gbilẹ̀. Ẹni tó bá rán wọn mọ́ inú ẹran ti bá wọn ti ilẹ̀kùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Nígbà wo, wàyí, ni wọn yóò bo ọgbẹ́ ọmọ yín? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n láàárọ̀ ọ̀la nìyẹn, kí ẹ sì tún bi wọ́n bí ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe awọ bá wà láàárín wọn. Ojúgun kò ní ẹran púpọ̀ lórí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo eegun ibẹ̀. Bí awọ yẹn bá lọ, eegun yóò wà ní gbangba, yóò gbẹ, yóò sì kú. Awọ tí wọ́n bá bó láti itan lè mú lórí ẹran pupa tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí eegun tí ìbòrí rẹ̀ ti ṣí kúrò, kò lè mú, bí irúgbìn kò ti lè ta gbòǹgbò lórí àpáta. Níbi báyìí, wọ́n ní láti gbé odindi ẹran tó ní òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá bo eegun náà. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta tó sún mọ́ orúnkún ló ṣí sílẹ̀, wọ́n lè yí ọ̀kan nínú ẹran ńlá tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ wá síwájú. Bí ó bá jẹ́ àárín, ẹran kejì tó wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́ ni wọn yóò lò. Ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ kókósẹ̀ ló ṣòro jù, nítorí pé ẹran kò sí nítòsí; ó lè jẹ́ ẹ̀yìn tàbí itan ni wọn yóò ti gé e wá, kí wọ́n sì so òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹsẹ̀ lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá.

Àkókò ṣe pàtàkì nínú èyí. Ní ọdún 1986, Marko Godina, oníṣẹ́ abẹ kan ní Ljubljana, ní ilẹ̀ Slovenia òde òní, tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn 532 jáde. Nínú àwọn tí ó gbé ẹran bo ọgbẹ́ wọn láàárín wákàtí 72, ti ẹni tí kò tó ọ̀kan nínú 100 ni kò mú. Nínú àwọn tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé oṣù mẹ́ta, ó di 12 nínú 100. Mo mọ̀ pé wákàtí 72 ti kọjá lára ọmọ yín. Kí èyí má ṣe dáyà já yín, nítorí pé ọgbẹ́ tó mọ́ tónítóní ṣì ṣeé bò lẹ́yìn náà, àwọn dókítà sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í kí ó má baà gbẹ. Ohun tí kò dára ni kí ọ̀sẹ̀ máa gorí ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tó sọ ọjọ́ kan pàtó. Bí ilé ìwòsàn tí ẹ wà kò bá ní ẹni tó lè ṣe é, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oṣè, kí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ẹ tó gbéra.

Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú un sọ ohun tó ń sọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa ló gbẹ́kẹ̀ lé àwọn bàbá tí ń to eegun, torí pé wọ́n wà nítòsí, wọn kì í sì í béèrè owó rẹpẹtẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ṣùgbọ́n eegun tó ṣẹ́ tí ọgbẹ́ sì ṣí sí i kì í ṣe ohun tí a ń fi igi àti okùn dì. Ẹsẹ̀ tó wú, tí wọ́n sì fi ọparun dì pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè wọnú ẹran rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ké nítorí ìrora tí oògùn kò mú lọ, tí ìrora náà ń peléke nígbà tí wọ́n bá na ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, wákàtí díẹ̀ péré ló kù fún ẹsẹ̀ náà. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ìdì ló pa á.

Ní ti oúnjẹ, ara kò lè hun awọ tuntun láìsí oúnjẹ tí í mú ara dàgbà. Ẹ máa gbé ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti wàrà lọ fún un, kí ẹ sì fi ọsàn àti ẹ̀fọ́ kún un. Bí ó bá ń mu sìgá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí sìgá ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké pọ̀ ní àkókò tí a nílò wọn jù.

Dókítà, ọkọ̀ kan fi ẹ̀yìn rìn ní gáréèjì, ó sì gun itan àti orúnkún mi. Wọ́n ya àwòrán eegun, wọ́n ní kò sí ibi tó ṣẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, mo sì padà sílé. Ọjọ́ kẹfà rèé. Kò sí ọgbẹ́ kankan àfi ibi tó ha díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ wú, ó ń mì lábẹ́ ọwọ́ bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí níbẹ̀. Ojú awọ náà ti ń ṣú. Aládùúgbò mi ní kí n máa fi omi gbígbóná jó o, kí n sì máa fi òrí wọ́ ọ. Aránṣọ, Ọ̀ffà.

Ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró de ọ̀la. Ohun tó ṣe yín fara jọ ti ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé awọ tiyín kò já. Inú lọ́hùn-ún ló ti ṣí kúrò lórí ẹran, ẹ̀jẹ̀ àti omi ọ̀rá sì ti kún àyè tó ṣí sílẹ̀ náà. Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Morel-Lavallée ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, síbẹ̀ títí di òní ni wọ́n ń rán àwọn ènìyàn lọ sílé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé àwòrán eegun kì í fi í hàn. Awọ tí kò mọ ìfọwọ́kàn, tó ń mì, tó sì ń ṣú, ń sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná kàn án. Ẹni tí kò mọ ìfọwọ́kàn kò ní mọ̀ nígbà tí omi bá ń bó òun, awọ tí ìbá yè yóò sì kú. Wíwọ́ ọ yóò tún ya èyí tó kù kúrò lórí ẹran. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó kó jọ síbẹ̀ kò ní ààbò, abẹ́rẹ́ kan tí kò mọ́ ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di ọyún. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún wo ibi tí omi náà wà, kí wọ́n fà á ní ọ̀nà tó mọ́, kí wọ́n sì fi báńdéèjì fún un mọ́ ara níwọ̀nba. Apá tó bá ti kú ni wọn yóò gé, wọn yóò sì fi awọ mìíràn bò ó. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àlàáfíà fún yín, dókítà. Ọ̀kadà ló kọlù mí ní ìtòsí ọjà Ìpáta, wọ́n sì ti bó awọ itan mi lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ ẹsẹ̀ mi ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Kí ló dé tí itan náà fi ń dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ? Ọmọ mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bó tirẹ̀, wọ́n kọ̀. Mo tún fẹ́ mọ bí n óò ṣe máa ṣe àlùwàlá. Alhaji, Ọjà-Ọba, Ìlọrin.

Alhaji, ẹ kú ewu, Ọlọ́run yóò mú ọwọ́ àjíǹde kan ara. Itan yín kò bàjẹ́. Awọ òkè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n bó níbẹ̀, ojú ibi tí a ti ń mọ ìrora sì ṣí sílẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń ta yín ju ẹsẹ̀ lọ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó máa ń hu awọ tuntun. Ìdì tó bá ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ má fà á ya. Yóò ṣí fúnra rẹ̀ bí awọ bá ti jáde lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ yín ṣe ọmọ rere, ṣùgbọ́n ara yín kò ní gba awọ rẹ̀. Ara ènìyàn mọ ohun tí í ṣe tirẹ̀, ó sì máa ń lé ti ẹlòmíràn dànù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àyàfi bí ó bá jẹ́ ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọsìn jẹ́ ti Ààfáà yín láti ṣe ìdájọ́ lé lórí, n kò ní gba ipò rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀nà ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n di ọgbẹ́ rẹ̀, pé ó lè fi ọwọ́ tútù pa orí ìdì náà dípò kí ó wẹ̀ ẹ́, pé ẹni tí omi yóò pa lára sì lè ṣe tayamọmu, ìyẹn fífi erùpẹ̀ mímọ́ ṣe ìwẹ̀nùmọ́ dípò omi. Ẹ sọ fún Ààfáà pé dókítà kò fẹ́ kí ìdì náà tutù rárá báyìí, nítorí pé omi máa ń gba inú gọ́ọ̀sì kọjá dé ọ̀dọ̀ awọ tí kò tíì mú tán, kí ó fi ìyẹn dá yín lẹ́jọ́. Ẹ jókòó kírun, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé orí nǹkan. Bí ẹ bá fi í rọ̀ sílẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò kó jọ sábẹ́ awọ tuntun náà, yóò sì gbé e kúrò. Nígbà tó bá jinná pátápátá, òrí gan-an ni kí ẹ máa fi pa á lójoojúmọ́, nítorí awọ tí wọ́n lẹ̀ kì í mú ọ̀rá tirẹ̀ jáde, ó sì máa ń gbẹ débi pé yóò sán.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbà là, kí a fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n gé e. Ìyá wa ní òun kò ní gbà láéláé. Ṣé kí a fọwọ́ sí i? Àbúrò, Ọ̀mù-Àrán.

Ṣé ẹ ti bi ẹ̀gbọ́n yín fúnra rẹ̀? Bí ó bá jí sáyé, tí orí rẹ̀ sì pé, òun ló ni ẹsẹ̀, òun ló sì ni ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i nígbà púpọ̀ tí ẹbí ń ṣe ìpàdé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn nígbà tí aláìsàn dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò wí fún un.

Ẹ bi dókítà ní ìdí kan pàtó. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá bá já, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ẹsẹ̀ náà fún ohun tó ju wákàtí 6 lọ, ẹran rẹ̀ á ti máa kú. Bí kòkòrò bá ti wọnú ẹran, tí ẹsẹ̀ ń wú gòkè, tí ó ń rùn, tí ara ń gbóná tí ọkàn rẹ̀ sì ń dàrú, ẹ̀mí ni wọ́n ń gbìyànjú láti gbà là, ẹ má sì fi wákàtí kan ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ náà bá gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ ń dé ọmọ ìka rẹ̀, tó jẹ́ pé títóbi ọgbẹ́ náà ni ìdí tí wọ́n sọ, ó tọ́ kí ẹ béèrè fún èrò dókítà kejì.

Ìyá yín rò pé gígé ẹsẹ̀ ni òpin ayé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 569 tí ẹsẹ̀ wọn bàjẹ́ gidigidi, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìgbé ayé àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kò yàtọ̀ lápapọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n tún tiwọn ṣe, àwọn tí wọ́n tún tiwọn ṣe ló sì padà sí ilé ìwòsàn jù. Bí gígé bá di dandan, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá orúnkún sí bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé ẹni tí orúnkún rẹ̀ kù máa ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ ní itan lọ. Wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ní ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Igbóbì, l'Ékòó. Ẹ bi àwọn dókítà yín nípa rẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ọlọ́kadà ni mí ní Tanke. Kí ni ká ṣe fún ẹni tí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó lójú títì? Àwọn kan a máa da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, àwọn mìíràn a tú oògùn kápúsù lé e lórí. Ẹlẹ́gbẹ́ yín, Ìlọrin.

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí pé ẹ̀yin ọlọ́kadà lẹ máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ́ìlì, kẹrosíìnì, iyanrìn, ìgbẹ́ màálù, ewé tí wọ́n gún, àti ìyẹ̀fun kápúsù, ẹ má fi ọ̀kankan sí i. Gbogbo wọn ni oníṣẹ́ abẹ yóò padà máa fọ̀ kúrò, àwọn mìíràn sì ń gbé kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì wọnú ọgbẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Nǹkan bíi lítà 5 péré ló wà nínú ara àgbàlagbà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tó ti ń jáde, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí fún bí ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Bí kò bá dá, tó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, ẹ fi aṣọ fẹ̀ǹfẹ̀ so òkè ọgbẹ́ náà le, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ so ó sílẹ̀, nítorí pé bí ó bá kọjá wákàtí méjì, ó lè pa ẹsẹ̀. Ẹ má ti eegun tó yọ padà sínú. Bí omi mímọ́ bá wà, ẹ dà á sí i kí ìdọ̀tí ńlá lọ, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì fi pákó méjì tàbí ẹsẹ̀ kejì dè é jẹ́ẹ́ kó má baà máa mì. Ẹ má gbé e jókòó sórí ọ̀kadà láàárín ẹni méjì. Ẹ wá ọkọ̀ tó lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, kì í gba owó.

Bí odindi awọ bá já kúrò, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tó sì tutù wé e, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé ọ̀rá náà lé orí yìnyín, kí yìnyín má fara kan awọ náà. Nígbà mìíràn, àwọn dókítà lè fá ọ̀rá ara abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ padà.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ mú owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi ẹ̀tọ́ sọ fún wọn pé òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní abala 20, kò gbà kí ilé ìwòsàn kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ìtanràn 100,000 náírà, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì ló wà fún un. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò yẹ kó wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí kan bí ó bá ṣeé ṣe, ti tẹ́tánọ́ọ̀sì náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé e dé kí ó dúró díẹ̀, kí ó sọ aago tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, ohun tó gun ẹsẹ̀ náà, àti gbogbo ohun tí wọ́n ti dà sí ọgbẹ́ náà kí ẹ tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ́ìlì.